Orí Karùn-ún: Báwo ni Kútọnu ṣe jìnnà tó?

Ẹ bi àgbàlagbà kan ní Alafiarou pé báwo ni Kútọnu ṣe jìnnà tó. Kò ní dárúkọ kìlómítà. Á wo ojú ọ̀run, á ní: “Bí ẹ bá wọkọ̀ kí oòrùn tó yọ, ẹ ó débẹ̀ kílẹ̀ tó ṣú.” Ẹ bi awakọ̀ takisí tó ń ná Tchaourou sí Parakou ní ìbéèrè kan náà, owó ọkọ̀ ni yóò kọ́kọ́ bọ́ sí i lẹ́nu. Ẹ wá bi olùkọ́ tó ń kọ́ yín nípa ilẹ̀ ayé, ìbéèrè lòun yóò fi dá yín lóhùn: “Lójú òfurufú ni, àbí lójú títì?”

Kò sí ẹni tó purọ́ nínú àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta. “Jìnnà” kì í ṣe ohun kan ṣoṣo ni. Bí ẹyẹ ṣe ń wọn ilẹ̀ yàtọ̀ sí bí táyà ọkọ̀ ṣe ń wọ̀n ọ́n, aago ọwọ́ ẹni tó jókòó sínú ọkọ̀ náà sì ní ìwọ̀n tirẹ̀. Nínú orí yìí, a ó kọ́ bí a ṣe ń ṣírò mẹ́tẹ̀ẹ̀ta. A ó sì wò ó bóyá òótọ́ ni ohun tí gbogbo ènìyàn gbà, pé ẹni tó wọ bàlúù ló máa ń kọ́kọ́ débẹ̀. Ẹni tó ń gbé ní Kútọnu lè gbà bẹ́ẹ̀ láìjanpata. Ẹni tó ń gbé ní Alafiarou gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ ṣírò.

Ilẹ̀ tó fẹ̀

Alafiarou jẹ́ ọ̀kan nínú arrondissement méje tó para pọ̀ di ìjọba ìbílẹ̀ Tchaourou ní ẹ̀ka Borgou. Àwọn mẹ́fà yòókù ni Bétérou, Goro, Kika, Sanson, Tchatchou àti Tchaourou fúnra rẹ̀. Ìjọba ìbílẹ̀ yìí ló fẹ̀ jù lọ ní gbogbo orílẹ̀-èdè Benin: 7,256 kìlómítà onígun mẹ́rin ni, etí rẹ̀ ní ìlà oòrùn sì kan Nàìjíríà. Kútọnu, tí ìwé ìjọba ń kọ ní Cotonou, kò ju 79 kìlómítà onígun mẹ́rin lọ. Ẹ fi 79 pín 7,256, ẹ ó rí i pé ó lé ní àádọ́rùn-ún Kútọnu tó lè wọ inú Tchaourou kan ṣoṣo. Bẹ́ẹ̀ sì ni, nígbà ìkànìyàn ọdún 2013, 223,138 ènìyàn ni wọ́n kà ní Tchaourou, wọ́n ka 679,012 ní Kútọnu.

Níbi tí ilẹ̀ pọ̀ tó báyìí, tí ènìyàn sì fọ́n ká, ọ̀rọ̀ ọ̀nà kì í ṣe ẹ̀kọ́ ìwé lásán. Obìnrin tó ń kó iṣu jáde láti abúlé lọ sọ́jà mọ̀ ọ́n ju ẹni tó kọ ìwé yìí lọ. Ohun tí a fẹ́ ṣe níbí ni kí á fi òǹkà sí ohun tí ẹsẹ̀ rẹ̀ ti mọ̀ tẹ́lẹ̀.

Ọ̀nà ẹyẹ

Láti mọ bí ibì kan ṣe jìnnà sí ibòmíràn ní tààrà, a nílò ojúlé ibi méjèèjì lórí ilẹ̀ ayé. Ẹ rántí Orí Kejì: ìlà ìbú ń sọ bí ibì kan ṣe jìnnà sí agbedeméjì ayé ní àríwá tàbí gúúsù, ìlà òòró ń sọ bí ó ṣe jìnnà sí ìlà Greenwich ní ìlà oòrùn tàbí ìwọ̀ oòrùn. Dígírì la fi ń wọ̀n wọ́n, a sì pín dígírì kọ̀ọ̀kan sí ìṣẹ́jú 60. Ìṣẹ́jú yìí kì í ṣe ti aago o. Ọ̀pọ̀ akẹ́kọ̀ọ́ ló máa ń dà á pọ̀ lọ́dọọdún, nítorí náà ni mo ṣe tún un sọ.

Pápákọ̀ òfurufú Kútọnu, tó wà ní Cadjèhoun, wà ní dígírì 6 àti ìṣẹ́jú 21 ní àríwá. Ti Parakou wà ní dígírì 9 àti ìṣẹ́jú 21 ní àríwá. Ẹ yọ èkíní kúrò nínú èkejì: dígírì 3 géérégé ló kù, ìyẹn ìṣẹ́jú 180. Kò sí olùkọ́ tó lè rí àpẹẹrẹ tó rọrùn jù báyìí lọ. Ẹ̀bùn ni ilẹ̀ Benin fi ta wá lọ́rẹ.

Ìdí tí ẹ̀bùn yìí fi dára ni máìlì ojú òkun. Àwọn atukọ̀ ojú omi ló bẹ̀rẹ̀ sí í lò ó, àwọn awakọ̀ òfurufú sì gbà á lọ́wọ́ wọn. Ìṣẹ́jú kan lórí ìlà ìbú ni wọ́n sọ di máìlì ojú òkun kan, ó sì jẹ́ 1.852 kìlómítà. Ìṣẹ́jú 180 wá di 180 máìlì ojú òkun. Ẹ sọ ọ́ di kìlómítà:

180 × 1.852 = 333.4 kìlómítà.

Kò tíì parí. Parakou kò sí lókè Kútọnu gan-an. Ó yà díẹ̀ sí ìlà oòrùn. Ìlà òòró Kútọnu ni dígírì 2 àti ìṣẹ́jú 23, ti Parakou ni dígírì 2 àti ìṣẹ́jú 37. Ìyàtọ̀ jẹ́ ìṣẹ́jú 14. Ní agbègbè wa, níbi tí agbedeméjì ayé kò jìnnà, ìṣẹ́jú kan lórí ìlà òòró fẹ́rẹ̀ẹ́ tó 1.84 kìlómítà, nítorí náà ìyàsẹ́gbẹ̀ẹ́ yẹn kò ju kìlómítà 26 lọ. A ti ní ẹ̀gbẹ́ méjì onígun mẹ́ta báyìí, ọ̀kan dúró, ọ̀kan dùbúlẹ̀. Òfin Pythagoras ni yóò fún wa ní ẹ̀kẹta:

333.4² + 26² = 111,832 ní bíbù; gbòǹgbò rẹ̀ jẹ́ 334.4.

Nítorí náà, bí ẹyẹ bá gbéra ní Cadjèhoun tí kò yà síbì kankan, bí 334 kìlómítà ni yóò fò kó tó bà ní Parakou. Ẹ wo bí kìlómítà 26 tó yà sẹ́gbẹ̀ẹ́ kò ṣe fi ju kìlómítà kan péré kún ọ̀nà náà. Ẹni tó bá fẹ́ mọ ìdí, kó fi okùn méjì gbìyànjú rẹ̀ nínú iyanrìn.

Ọ̀nà táyà, ọ̀nà irin

Lójú títì, ohun tí wọ́n máa ń kà láti Kútọnu dé Parakou tó 415 kìlómítà. Ẹ fi 334 pín in, ẹ ó rí 1.24. Nọ́ńbà yìí la ń pè ní ìwọ̀n ìyípo. Ó túmọ̀ sí pé, fún kìlómítà kan tí ẹyẹ bá fò, ọkọ̀ yóò sá kìlómítà kan pẹ̀lú bíi mítà 240. Bí títì bá gún gbọnrangandan, ìwọ̀n ìyípo rẹ̀ á jẹ́ 1. Kò sí irú títì bẹ́ẹ̀ níbi tí ènìyàn ń gbé.

Ẹ tẹ̀lé mi lórí títì náà, tí wọ́n ń pè ní RNIE 2, ẹ ó rí ohun tó ń mú un wọ́. Títì jáde ní Kútọnu, ó gba Abomey-Calavi lọ sí Allada, ó sọ̀ kalẹ̀ sínú àfonífojì Lama tí ilẹ̀ rẹ̀ dúdú tó sì ń rọ̀ mùkẹ̀mùkẹ̀ nígbà òjò, ó tún gòkè sí Bohicon. Láti ibẹ̀ ó kọrí sí Ìdáàṣà láàárín àwọn òkè àpáta. Ní Ìdáàṣà ọ̀nà pínyà: RNIE 3 gba ìwọ̀ oòrùn lọ sí Savalou, Bantè, Bassila àti Djougou, tiwa sì gba Glazoué lọ sí Ṣábẹ̀ẹ́. Kó tó dé Ṣábẹ̀ẹ́, ó ní láti wá ibi tó ti lè gba orí afárá kọjá odò Wémè. Lẹ́yìn náà ni Kìlìbó, lẹ́yìn náà Tchaourou, Tchatchou, kó tó wá di Parakou. Ìlú ló fa títì sọ́tùn-ún, odò ló tì í sósì. Ẹni tó la ọ̀nà kò bínú sí ẹnikẹ́ni. Ọjà ló ń wá.

Ojú irin tún wọ́ jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ó jẹ́ 438 kìlómítà láti Kútọnu dé Parakou, ìwọ̀n ìyípo rẹ̀ sì jẹ́ 1.31. Ọkọ̀ ojú irin wúwo, kò lè gun òkè tó dúró ṣánṣán, kò sì lè ṣẹ́rí pàdà lójijì bíi takisí, nítorí náà àwọn tó tẹ́ irin náà máa ń yí òkè ká dípò kí wọ́n gùn ún. Àwọn Faransé ló bẹ̀rẹ̀ rẹ̀ nígbà tí orúkọ ilẹ̀ yìí ṣì ń jẹ́ Dahomey. Irin dé Ṣábẹ̀ẹ́ ní 1911. Ọdún mẹ́ẹ̀ẹ́dọ́gbọ̀n kọjá kó tó dé Parakou ní 1936, Tchaourou sì wà lójú ọ̀nà rẹ̀. Fún ọ̀pọ̀ ọdún, ọkọ̀ ojú irin ni aago àwọn ìlú wọ̀nyí: bí fèrè rẹ̀ bá dún, ìyá aláta mọ̀ pé ó tó àkókò láti gbé igbá rù. Ọkọ̀ akérò orí irin ti dákẹ́ báyìí, ìdí nìyẹn tí a kò fi ní kà á mọ́ nínú ìṣirò tó kù.

Kí irin tó dé ńkọ́? Ẹsẹ̀ ni. Ẹni tó bá ń rin kìlómítà 30 lóòjọ́ yóò rin 415 kìlómítà ní nǹkan bí ọjọ́ mẹ́rìnlá, bí kò bá ṣàìsàn, bí odò kò bá kún, bí ogun kò bá dí ọ̀nà. “Bí” wọ̀nyẹn ló pọ̀. Ní Oṣù Kejìlá ọdún 1825, ọmọ ilẹ̀ Scotland kan, Hugh Clapperton, gbéra ní Àgbádárìgì lọ sí Ọ̀yọ́ Ilé. Lójú òfurufú, ìrìn náà kò ju bí 320 kìlómítà lọ, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ dọ́gba pẹ̀lú ti Kútọnu sí Parakou. Ó di Oṣù Kìíní ọdún 1826 kó tó rí ààfin Aláàfin, ibà sì ti pa nínú àwọn òyìnbó tí wọ́n jọ gbéra. Ìwọ̀n ọ̀nà kò yí padà láti ìgbà náà. Ohun tó yí padà ni wákàtí, àti iye àwọn tó ń dé láàyè.

Eré tí ọkọ̀ ń sá àti eré tí ìrìnàjò ń sá

Bí ẹ bá jókòó sẹ́yìn dẹ́rẹ́bà nínú bọ́ọ̀sì Parakou, ẹ ó rí i tí ọwọ́ aago eré yóò kan 90, yóò kan 100. Ẹni tó bá yára á sọ pé: 415 kìlómítà, 100 kìlómítà ní wákàtí kan, a ó débẹ̀ láàárín wákàtí mẹ́rin ó lé díẹ̀. Kò sí ẹni tó ti fi bọ́ọ̀sì akérò débẹ̀ ní wákàtí mẹ́rin rí, àyàfi nínú ọ̀rọ̀ ẹnu.

Bọ́ọ̀sì ń dúró. Ó ń dúró níbi ìsanwó ọ̀nà ní Houègbo, ó tún ń dúró ní Diho. Ní Bohicon àwọn èrò fẹ́ jẹun. Lọ́jọ́rú, ọjà Glazoué á ti ya wọ títì. Nínú Oṣù Kẹjọ, àwọn Kátólíìkì tó ń rin ìrìn àjò mímọ́ lọ sí Arigbo ní Ìdáàṣà á kún ọ̀nà. Tírélà tó ń kẹ́rù lọ sí Malanville á wà níwájú yín lórí òkè, yóò máa fà bí ìgbín. Ẹni kan á ní kí dẹ́rẹ́bà dúró, òun fẹ́ ra wàgáṣì, àwọn tó ń bínú sí i gan-an ni wọ́n á kọ́kọ́ bọ́ sílẹ̀ lọ ná an.

Gbogbo ìdúró yìí la gbọ́dọ̀ kà. Ìpíndọ́gba eré ni gbogbo ọ̀nà tí a rìn, tí a fi gbogbo àkókò tí ó gbà pín, láti ìgbà tí ọkọ̀ ti ṣí títí tí ó fi dúró. Nínú ìwé yìí, a ó fi ìpíndọ́gba eré bọ́ọ̀sì lórí RNIE 2 sí 60 kìlómítà ní wákàtí kan. Ẹwà rẹ̀ ni pé ó jẹ́ kìlómítà kan ní ìṣẹ́jú kan. Ẹni tó mọ ọ̀nà ti mọ àkókò. Kútọnu sí Parakou á gba ìṣẹ́jú 415, ìyẹn wákàtí 6 àti ìṣẹ́jú 55.

Ẹ ṣọ́ra fún pàkúté kan. Bí ọkọ̀ bá sá kìlómítà 200 ní eré 80, tó sì sá 200 yòókù ní eré 40, kí ni ìpíndọ́gba eré rẹ̀? Ọ̀pọ̀ á dáhùn pé 60. Ẹ ṣe é: apá kìíní gba wákàtí 2 àti ààbọ̀, apá kejì gba wákàtí 5, àpapọ̀ jẹ́ wákàtí 7 àti ààbọ̀. Ẹ fi ìyẹn pín 400, ẹ ó rí 53.3. Ibi tí ọ̀nà ti burú máa ń jẹ àkókò ju ìpín tirẹ̀ lọ. Ẹni tó ti gba ọ̀nà abúlé lẹ́yìn òjò ńlá kò nílò ìṣirò yìí kó tó gbà.

Láti ẹnu ọ̀nà dé ẹnu ọ̀nà

Ẹ jẹ́ ká wá mú bàlúù wọlé. Ká ní ẹnì kan gbé bàlúù kékeré kan wá sí Parakou, tó ń gbé èrò lọ sí Kútọnu ní eré 300 kìlómítà ní wákàtí kan. Ẹ fi 300 pín 334: wákàtí kan àti ìṣẹ́jú 7, tàbí ìṣẹ́jú 67. Bọ́ọ̀sì, ìṣẹ́jú 415. Lórí ìwé ìpolówó, ọ̀rọ̀ ti parí.

Ṣùgbọ́n kò sí ẹni tó ń gbé lórí pápá bàlúù. Ẹ fi ìṣẹ́jú 90 kún un fún dídé ṣáájú, wíwọn ẹrù àti títò. Ẹ fi 30 kún un fún gbígba ẹrù ní Cadjèhoun. Ẹ fi 45 kún un láti pápákọ̀ dé ilé ẹ̀gbọ́n tí ẹ ń lọ kí, nítorí ẹ mọ títì Kútọnu ní ìrọ̀lẹ́. Gbogbo rẹ̀ pẹ̀lú ìṣẹ́jú 67 tí bàlúù fi wà lókè wá di ìṣẹ́jú 232. Ẹ kíyè sí i pé kò tó ìdá kan nínú mẹ́ta àkókò náà tí ẹ lò lókè. Ìyókù, orí ìjókòó tàbí ẹsẹ̀ dídúró ni.

Ẹ jẹ́ ká wá gbéra láti Alafiarou. Ẹsẹ̀ ìrìn àkọ́kọ́, láti ilé yín dé ibùdókọ̀ ní Tchaourou, ẹ̀yin fúnra yín ni yóò wọ̀n ọ́n, ẹ pè é ní A. Ẹni tó gun alùpùpù tirẹ̀ àti ẹni tó ń dúró de zémidjan kò ní ní A kan náà, A ìgbà ẹ̀rùn kì í sì í ṣe A ìgbà òjò. Láti Tchaourou, Parakou wà ní bíi kìlómítà 58 sí àríwá, ó ku bíi 357 sí Kútọnu ní gúúsù. Ẹ rí nǹkan tó ń pa ènìyàn lẹ́rìn-ín níbẹ̀: ẹni tó fẹ́ fò lọ sí gúúsù gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ kọjú sí àríwá.

Lójú títì: A + 357 ìṣẹ́jú.
Lójú òfurufú: A + 58 + 232, ìyẹn A + 290 ìṣẹ́jú.

Bàlúù fi ìṣẹ́jú 67 ṣáájú. A wà ní ẹ̀gbẹ́ méjèèjì, nítorí náà kò yí ìyàtọ̀ náà padà, bí ó tilẹ̀ ń yí ara ẹni tó rin ìrìn náà padà. Ẹni tó bá ní owó tíkẹ́ẹ̀tì lọ́wọ́ lè pinnu bóyá wákàtí kan àti díẹ̀ tó ohun tí òun ń san. Ẹni tó ń kó àpò iṣu mẹ́wàá lọ kò tilẹ̀ ní béèrè.

Ẹ jẹ́ ká wá ìlà tí bàlúù ti pàdánù. Ká pe ọ̀nà láti Parakou dé ibi tí èrò náà ń gbé ní x. Nípa títì, ó ku 415 − x. Nípa òfurufú, x + 232. Níbi tí méjèèjì bá ti dọ́gba:

415 − x = x + 232
2x = 183
x = 91.5

Ìyẹn ni pé ẹni tó bá ń gbé ní ibi tó lé ní kìlómítà 91 àti ààbọ̀ sí gúúsù Parakou kò ní rí àǹfààní àkókò kankan nínú bàlúù yìí. Ibẹ̀ ré kọjá Tchaourou, kò sì jìnnà sí Kìlìbó. Ará Tchaourou ṣì wà ní ẹ̀gbẹ́ tí bàlúù ti ń ṣáájú. Ará Ṣábẹ̀ẹ́ kò sí níbẹ̀, ká má ṣẹ̀ṣẹ̀ wá sọ ti Ìdáàṣà.

Ibi tí ọ̀rọ̀ ti dùn ju gbogbo rẹ̀ lọ nìyí. Ká ní ẹni tó ni bàlúù lọ ra òmíràn tó ń sá ní ìlọ́po méjì, 600 kìlómítà ní wákàtí kan. Àkókò òfurufú yóò dín kù sí ìṣẹ́jú 33 àti ààbọ̀, 232 á di bíi 199, x á sì di 108. Gbogbo owó yẹn, kìlómítà 17 péré ni ìlà náà fi sún. Ká wá ní kò ra bàlúù kankan, ṣùgbọ́n ó ṣètò ibi ìwọnrù rẹ̀ dáadáa débi pé ìṣẹ́jú 90 tí èrò fi ń dúró di 45. 232 á di 187, x á sì di 114. Ìlà sún ju kìlómítà 22 lọ. Lórí ọ̀nà kúkúrú, tábìlì ìwọnrù lágbára ju ẹ́ńjìnnì lọ. Mo ti rí ẹni tó kẹ́kọ̀ọ́ jáde ní yunifásítì tí kò gba èyí gbọ́ àfìgbà tó mú bírò.

Níbi tí bàlúù ti jẹ́ ọba

Ẹ má rò pé mo kórìíra bàlúù. Ẹ kàn fa ọ̀nà gùn, ẹ ó rí i bí ó ṣe ń gba ipò rẹ̀. Pápákọ̀ Charles-de-Gaulle ní Paris wà ní dígírì 49 àti ìṣẹ́jú 1 ní àríwá, ìlà òòró rẹ̀ sì jẹ́ dígírì 2 àti ìṣẹ́jú 33. Ẹ fi wé ti Kútọnu àti ti Parakou tí ẹ rí lókè: orí ìlà òòró kan náà ni àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta fẹ́rẹ̀ẹ́ wà! Nítorí náà, a kò nílò Pythagoras. Ẹ yọ dígírì 6 àti ìṣẹ́jú 21 kúrò nínú 49 àti ìṣẹ́jú 1: ó ku dígírì 42 àti ìṣẹ́jú 40, ìyẹn ìṣẹ́jú 2,560, máìlì ojú òkun 2,560, tàbí 4,741 kìlómítà. Ẹ ti wọn ọ̀nà Paris láti inú kíláàsì, ẹ kò sì fi rúlà kan ìwé.

Bàlúù ńlá máa ń fò ó ní wákàtí mẹ́fà ó lé díẹ̀. Ká ní wákàtí 6 àti ìṣẹ́jú 15. Bí bọ́ọ̀sì kan bá ṣí ní Kútọnu ní ìṣẹ́jú kan náà tí bàlúù yẹn gbéra, nígbà tí bàlúù bá ń bà ní Paris, bọ́ọ̀sì á ti sá kìlómítà 375: ó ṣẹ̀ṣẹ̀ ré kọjá Tchaourou ni, kò tíì rí Parakou. Lórí irú ọ̀nà yìí, wákàtí mẹ́ta tí ẹ fi tò ní pápákọ̀ kò lè ba nǹkan jẹ́, nítorí kò sí ẹni tó lè fi ọkọ̀ ilẹ̀ dé Paris ní ọjọ́ kan tàbí méjì.

Aago tó yàtọ̀

Ó ku ohun kan tó máa ń mú ènìyàn ṣìnà nínú tíkẹ́ẹ̀tì. Aago tí wọ́n kọ síbẹ̀ ni ti ìlú tí bàlúù ti gbéra àti ti ìlú tí ó ti bà, kì í ṣe aago kan ṣoṣo. Benin àti Nàìjíríà ń lo aago kan náà, tó fi wákàtí kan ṣáájú ti Greenwich. Togo, Ghana àti Côte d’Ivoire ń lo ti Greenwich gan-an. Paris ń bá wa dọ́gba nígbà òtútù wọn, ó sì ń fi wákàtí kan ṣáájú wa nígbà ooru.

Nítorí náà, bí bọ́ọ̀sì bá ṣí ní Lomé ní aago mẹ́jọ òwúrọ̀, tó gba ẹnubodè Hillacondji kọjá, tó sì wọ Kútọnu ní aago méjìlá ọ̀sán, wákàtí mẹ́ta ló rìn, kì í ṣe mẹ́rin. Ẹnubodè ló gba wákàtí kan yòókù. Ẹni tó bá ń padà lọ ni yóò gbà á padà.

Iṣẹ́ ṣíṣe

1. Láti ilé yín dé ibùdókọ̀ ní Tchaourou, ẹ wọn A lẹ́ẹ̀mejì: lẹ́ẹ̀kan lọ́jọ́ tí òjò kò rọ̀, lẹ́ẹ̀kan ní ọjọ́ kejì òjò ńlá. Ẹ kọ ìyàtọ̀ sílẹ̀ ní ìṣẹ́jú, kí ẹ sì sọ apá ibi tí ó ti jẹ àkókò yín jù.

2. Ṣábẹ̀ẹ́ wà ní bíi kìlómítà 255 sí Kútọnu lójú títì. Ẹ lo bọ́ọ̀sì àti bàlúù kékeré inú orí yìí láti ṣírò àkókò ará Ṣábẹ̀ẹ́ tó ń lọ sí Kútọnu ní ọ̀nà méjèèjì. Ìṣẹ́jú mélòó ni ẹni tó bá yan bàlúù yóò pàdánù?

3. Tíkẹ́ẹ̀tì kan sọ pé bàlúù gbéra ní Abidjan ní aago 10:00, ó sì bà ní Kútọnu ní aago 12:20. Ìlú méjèèjì fi bíi 709 kìlómítà jìnnà síra lójú òfurufú. Wákàtí mélòó ni bàlúù lò gan-an, kí sì ni ìpíndọ́gba eré rẹ̀? Bàlúù irú èyí lè sá 800 kìlómítà ní wákàtí kan nígbà tó bá ti gòkè tán. Kí ló dé tí ìdáhùn yín fi kéré sí 800?

4. Ẹ bi àwọn ẹni mẹ́ta nínú ilé yín, kí ọ̀kan nínú wọn jẹ́ àgbàlagbà tó ti wọ ọkọ̀ ojú irin Tchaourou rí, pé báwo ni Kútọnu ṣe jìnnà tó. Ẹ kọ ìdáhùn wọn sílẹ̀ gẹ́gẹ́ bí wọ́n ṣe sọ ọ́, ẹ má tún un ṣe. Lẹ́yìn náà, ẹ gbìyànjú láti sọ ìdáhùn kọ̀ọ̀kan di kìlómítà.